Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn Ọkọ̀

Yìnyín àkọ́kọ́ ọdún náà bọ́ lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà tí Oiva Karppinen fi máa jí lọ́jọ́ Ajé, ọ̀nà ti funfun, igi ti funfun, òkè tó gùn láti ojú ọ̀nà ńlá dé iwájú ilé rẹ̀ náà ti funfun. Ó dúró lójú fèrèsé, ó mu kọfí rẹ̀ tán. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni. Yìnyín kò jọ ọ́ lójú mọ́. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló ń gbé Saimi, ìyàwó rẹ̀, lọ sí ilé ìwòsàn nílùú. Kíndìnrín Saimi ti daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá; ẹ̀rọ ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àádọ́rin kìlómítà ní àlọ, àádọ́rin ní àbọ̀, wákàtí mẹ́rin lórí ẹ̀rọ láàárín méjèèjì. Bí wọ́n bá padà délé, Saimi á sùn bí òkú, Oiva á jókòó sí ilé ìdáná, á máa wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Raili, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ń gbé nílùú náà. Ó ti bá ìyá rẹ̀ wá yàrá nílé tí wọ́n ti ń tọ́jú àgbàlagbà, ẹ̀yìn ilé ìwòsàn gan-an. Ìwé yàrá náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n ní kó dá a padà.

"Bàbá, mi ò ní fipá mú yín," ló wí lórí fóònù. "Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọkọ̀ yẹn bá kúrò lójú ọ̀nà, ọjọ́ náà ni màá fọwọ́ sí i."

"Kò ní kúrò," ni Oiva fèsì.

Saimi kò fẹ́ yàrá kankan. Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ló ti ń sùn nínú ilé yìí. Ó mọ pákó tó ń ké lábẹ́ ẹsẹ̀ láìtan iná. Ohun tó fẹ́ kò ju kó máa jí níbẹ̀ lọ.

Oiva kó táyà ìgbà òtútù rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí ìṣó wẹ́wẹ́ wà lójú wọn kí wọ́n lè di omi dídì mú, sínú ọkọ̀, ó gba ilé iṣẹ́ Tuire lọ.

Bàbá Tuire, Ahti, ló dá ilé iṣẹ́ táyà náà sílẹ̀. Òun àti Oiva jọ wa ọkọ̀ agbégi nígbà èwe wọn. Ahti kú, Tuire jogún sípánà. Obìnrin ńlá ni, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ Ajé yẹn, ọkọ̀ mẹ́sàn-án ló tò síwájú Oiva, àwọn tó ni wọ́n dúró nínú òtútù, wọ́n káwọ́ sápò.

Nígbà tó kan Oiva, Tuire yọ orí lábẹ́ ọkọ̀.

"Ẹ̀yin náà! Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń wí pé kí ẹ tètè wá. Àbí ẹ rò pé ọdún yìí, òtútù á fo abúlé wa?"

"Mo níṣẹ́."

"Gbogbo yín lẹ níṣẹ́. Yìnyín nìkan ni kò níṣẹ́, òun ló ń dà yín wá bá mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo."

Oiva gbé táyà rẹ̀ sílẹ̀ ní méjì méjì. Àwọn méjì kò tíì pé ọdún kan. Lẹ́yìn tí òkúta ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ti ya méjì nínú àwọn àtijọ́ ló rà wọ́n. Àwọn méjì tó kù ti pẹ́. Tuire lóṣòó, ó fi àtàńpàkò ra rọ́bà wọn, ó nu ìdọ̀tí kúrò lára nọ́ńbà mẹ́rin kékeré tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe wọ́n.

"Méjì yìí dáa. Àmọ́ méjì yìí ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ó ti gan bí awọ bàtà ẹni tó ti kú. Ẹ wo ìṣó ara rẹ̀, ó ti jẹ dé ọrùn. Èékánná ìyàwó yín mú jù ú lọ."

"Ilà ojú rẹ̀ ṣì jìn."

"Ó bá òfin mu. Òfin kọ́ ló ń wakọ̀."

"Fún mi ní mẹ́rin tuntun nígbà náà."

"Áà, ẹ káàbọ̀!" Tuire nu ọwọ́. "Oníṣó tó bá ọkọ̀ yín mu ti tán kí n tó mu kọfí àárọ̀. Ó di Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí òmíràn tó gòkè wá. Aláìníṣó nìkan ló wà ńlẹ̀."

Ó fa ọ̀kan jáde, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Rọ́bà náà rọ̀, ojú rẹ̀ kún fún ilà wẹ́wẹ́ bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ gé e.

"Bí òtútù bá le, tí yìnyín gbẹ, eléyìí ń di ọ̀nà mú dáadáa, kì í sì í pariwo. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ adágún lẹ̀ ń gbà. Bí òjò bá rọ̀ sórí omi dídì níbẹ̀, ìṣó ni mo fọkàn tán. Mi ò ní torí ọjà purọ́ fún yín."

"Táyà àwọn ará gúúsù, tí òtútù wọn kò le," ni Oiva wí.

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n de àwọn méjì tó dáa yìí sẹ́yìn, kí n de àwọn àkísà yìí síwájú. Ẹ máa rọra wà á títí àwọn tuntun á fi dé."

"Iwájú ni èyí tó dáa ń lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ibẹ̀ ṣe ń ṣe é. Ẹsẹ̀ iwájú ló ń fa ọkọ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ là ń fún lóúnjẹ. Òkè ilé Oiva sì ga. Bí iwájú kò bá ní ìṣó tó mú, ìdajì òkè ni ọkọ̀ á ti máa jó lójú kan. Ogójì ọdún ló ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ òmíràn.

Tuire kò dìde níbi tó lóṣòó sí. "Ẹ óò gun òkè yín, òótọ́ ni. Iwájú á dì í mú, ọkàn yín á balẹ̀, ẹ óò gbàgbé pé ẹ ní ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn kì í sì í dágbére kó tó lọ. Ikú ọkọ̀, ẹ̀yìn ló ń gbà wá."

"Mo ti ń wa ọkọ̀ igi lórí yìnyín kí wọ́n tó bí ọ."

"Mo mọ̀. Bàbá mi náà máa ń wí bẹ́ẹ̀, inú kòtò ni wọ́n sì ti máa ń wí i."

Àwọn tó dúró rẹ́rìn-ín. Oiva kò rẹ́rìn-ín.

"Bí ọmọdé bá ní táyà tó àgbà," ó ní, "kò lè ní àkísà táyà tó àgbà."

"Àkísà yẹn gan-an ni mò ń bá yín wí!"

Ẹ̀rín bẹ́. Tuire náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó dìde, ojú rẹ̀ ti yí padà. "Bàbá, ìyá ló máa ń jókòó nínú ọkọ̀ yẹn. Ọwọ́ tèmi kò ní dè é síwájú. Bí ẹ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lọ dè é lágbàlá yín."

Oiva kó táyà rẹ̀ padà sínú ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó bá a gbé wọn, nítorí bí ojú rẹ̀ ṣe le.

Lágbàlá, ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó tú nọ́ọ̀tì. Eékún rẹ̀ tutù, lẹ́yìn náà kò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Saimi ṣílẹ̀kùn, ó fi aṣọ òtútù Oiva bora.

"Ṣé Tuire ti kú ni?"

"Rárá."

"Kí ló dé tí arúgbó mi fi ń rá nínú yìnyín?"

"Ó ń sọ̀rọ̀ jù."

"Ọ̀rọ̀ kí ni?"

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn."

Saimi wò ó títí. "Wọlé bí o bá ṣe tán. Ọbẹ̀ ẹja wà lórí iná."

Ó de àwọn tó dáa síwájú. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, ọkọ̀ gun òkè bí ewúrẹ́. Oiva ń rántí ẹ̀rín àwọn tó wà nílé iṣẹ́ Tuire, ó sì ń dá wọn lóhùn nínú ara rẹ̀.

Òòru díẹ̀ dé lóru Ọjọ́rú. Òjò rọ̀ sórí ọ̀nà tó ti dì, òtútù sì tún padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọ̀nà ń dán bí ẹ̀yìn ìgò. Oiva ń rọra lọ. Ìṣó iwájú ń ta kìkìkì lórí omi dídì, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n lórí sítíárìn pé iwájú di ilẹ̀ mú. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Saimi ń tòògbé.

Ibi tí ọ̀nà ti yípo ẹ̀gbẹ́ adágún, ó ká ẹsẹ̀ kúrò lórí iná ọkọ̀. Kò tẹ bíréèkì. Kò ṣe nǹkan mìíràn. Iwájú gbọ́ràn, ó yà sápá òsì bó ṣe sọ fún un. Ẹ̀yìn kò yà. Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìpariwo, bí ẹni ṣí ojú ìwé, ó sì gba iwájú wọn kọjá. Adágún fò kọjá lójú fèrèsé, igbó tẹ̀ lé e, adágún tún dé. Lẹ́yìn náà wọ́n dúró, ẹ̀yìn ọkọ̀ wọ inú òkìtì yìnyín. Lábẹ́ òkìtì náà ni esùsú wà. Lẹ́yìn esùsú, omi tí kò tíì dì tán.

Ọkọ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń bọ̀.

"Ṣé ilé la tún ń lọ ni?" ni Saimi béèrè.

Oiva yíjú sí i.

"Saimi."

"Mo wà."

"O farapa?"

"Rárá. Bàágì mi nìkan ló dà."

Ó jáde, ó di ilẹ̀kùn mú kí ó má bàa ṣubú. Ó wo ipa ọkọ̀ lójú ọ̀nà. Ipa táyà iwájú kún fún ojú ìṣó wẹ́wẹ́, ó hàn kedere. Ti ẹ̀yìn kò ní ojú kankan. Ó gbòòrò, ó ń dán, bí àwo tí ajá lá. Oiva dúró lórí rẹ̀ títí ọkọ̀ agbéwàrà fi dé, tí awakọ̀ rẹ̀ ju okùn fún un, tó fà wọ́n jáde. Awakọ̀ náà wo táyà iwájú, ó wo ti ẹ̀yìn. Ó ní, "Háà, bàbá."

Wọ́n fi wákàtí kan àbọ̀ pẹ́ dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ti pe Raili. Ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ ni wọ́n bá a, ó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́.

"Kí ló dá yín dúró?"

"Àgbọ̀nrín," ni Saimi wí kíákíá. "Odindi agbo, wọ́n jókòó sójú ọ̀nà. O kúkú mọ̀ wọ́n. Wọn kì í dìde fún ẹnikẹ́ni."

Irọ́ tó dára ni. Kò sẹ́ni tí àgbọ̀nrín kò tíì dá dúró rí lọ́nà yẹn. Raili yíjú sí bàbá rẹ̀, ó ń dúró. Oiva rí i pé bí òun bá mi orí lásán, ọ̀rọ̀ parí.

"Kò sí àgbọ̀nrín," ó ní. "Ọkọ̀ ló yí po lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún. Iwájú ni mo de táyà tó dáa sí. Tuire sọ fún mi. Mi ò gbọ́."

Saimi pa ojú dé.

"Iwájú," ni Raili wí. "Bàbá. Ọjọ́ tí wọ́n gbé wa lọ sí pápá yíyọ̀ nílé ẹ̀kọ́ awakọ̀, nǹkan àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa ni pé ẹ̀yìn ni èyí tó dáa ń lọ."

"Kò sí pápá yíyọ̀ nígbà tèmi. Gbogbo ọ̀nà ló ń yọ̀."

"Mo sọ ohun tí màá ṣe fún yín."

"O sọ ọ́."

Raili fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, màá tẹ̀ lé yín délé. Màá mú ìwé náà dání."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Oiva padà sọ́dọ̀ Tuire. Ọkọ̀ méjì péré ló wà níbẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ṣí fìlà.

"Ọmọ Ahti."

"Bàbá."

"Èmi ni mo ṣì í."

Tuire ti gbọ́. Awakọ̀ agbéwàrà kì í gbé wàrà nìkan kiri. Oiva ń retí ẹ̀rín, kò rí i.

"Ẹ wakọ̀ wọlé," ni Tuire wí.

Ó tú wọn, ó pààrọ̀ wọn, àwọn tó dáa sẹ́yìn, àwọn àkísà síwájú. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan wò lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti dè é tán.

"Iwájú á máa yọ̀ báyìí," ó ní. "Èyí tó bá ń yọ̀ níwájú ń bá yín sọ̀rọ̀ nìyẹn. Bó bá ti sọ ọ́, ẹ dẹwọ́. Àmọ́ òkè ilé yín, ẹ gbàgbé ẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Báwo ni ìyá á ṣe dókè?"

"Àga wà."

Tuire wò ó, ó wo eékún rẹ̀. Ó ṣí ẹnu, ó tún pa á dé. Bóyá ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n tètè gbéra. Lábọ̀, ọkọ̀ Raili ń tẹ̀ lé wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún, Oiva ti dẹwọ́ kí ó tó rí ibi tí ọ̀nà ti yà. Síbẹ̀ iwájú yọ̀ díẹ̀, ó fà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gbọ́ ọ lórí sítíárìn, ó tún dẹwọ́ sí i. Ẹ̀yìn ń bọ̀ lẹ́yìn bí ajá olóòótọ́. Saimi tó ti rẹ̀ látorí ẹ̀rọ la ojú kan.

"A ti kọjá ibẹ̀?"

"A ti kọjá."

Ó tún pa á dé.

Nísàlẹ̀ òkè, níbi tí àpótí lẹ́tà àwọn ará àdúgbò tò sí, Oiva pa iná ọkọ̀. Kò tilẹ̀ gbìyànjú òkè. Lẹ́yìn àpótí ló ti gbé àga náà pamọ́ láàárọ̀: àga onígi tí irin gígùn méjì wà lábẹ́ rẹ̀, irú èyí tí gbogbo ilé ní, tí èèyàn ń dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀ tì lórí yìnyín. Ó gbé Saimi jókòó, ó fi aṣọ ìbora wé e dé ọrùn.

Raili jáde nínú ọkọ̀ rẹ̀. "Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"À ń relé," ni Saimi wí.

Oiva wọ bàtà rẹ̀ tó ní ìṣó lábẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀yìn àga mú, ó tì.

"Ọmọge ni mí nígbà tí o fi irú èyí gbé mi gbẹ̀yìn," ni Saimi wí láti inú aṣọ.

"O fúyẹ́ nígbà yẹn."

"Ìwọ náà léékún nígbà yẹn."

Ó dúró níbi igi àkọ́kọ́, ó mí. Ó tún tì. Raili ń rìn lẹ́yìn wọn, bàtà rẹ̀ ń yọ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n tì í."

"Fi í sílẹ̀."

Ó dúró lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀mí rẹ̀ ń jáde bí èéfín. Ìgbà tó dúró lẹ́ẹ̀kẹta, ilé ti hàn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni òkè ti le jù. Ó dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó sún ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òsì, ìdajì ẹ̀yìn àga ṣófo. Raili di ibẹ̀ mú. Wọ́n jọ tì í dókè.

Nílé, Raili se kọfí. Oiva gé búrẹ́dì dúdú. Ìwé náà wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó wò ó.

"Ìgbà wo ni táyà tuntun ń dé?" ni Raili béèrè.

"Ọjọ́bọ̀."

"Títí di ìgbà yẹn ńkọ́?"

"Màá máa tì í."

"Ó ti rẹ̀ yín, Bàbá."

"Ó ti rẹ̀ mí," ni Oiva wí. "Ó ti rẹ̀ mí láti ọdún tó kọjá."

Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Saimi gbé ife rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ tèmi ni wọ́n ń fọ̀," ó ní. "Ẹ fún mi ní kálámù."

Raili fún un. Saimi fa ìwé náà sọ́dọ̀, kò kà á. Níbi tí wọ́n ní kí wọ́n fọwọ́ sí, ó kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára lẹ́yìn ẹ̀rọ: *Kì í ṣe ìgbà òtútù yìí.* Ó dá a padà.

"Tó bá di ìgbà òtútù tó ń bọ̀, a óò tún sọ ọ́," ó ní. "Lọ́jọ́ tí ọwọ́ méjì kò bá lè tì mí dókè mọ́, màá bá ọ lọ."

Raili ka ohun tó kọ. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ká ìwé náà, ó fi í sápò.

"Bí ẹ bá ti jẹ́ kí n gba irọ́ àgbọ̀nrín yẹn gbọ́," ó sọ fún bàbá rẹ̀, kò sì wo ojú rẹ̀, "tí mo bá wá gbọ́ tòótọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ǹ bá ti fọwọ́ sí i kí n tó dé ìhín."

Oiva mi orí. Ó ti mọ̀.

Ó sin ín lọ sísàlẹ̀ òkè. Ilẹ̀ ti ń ṣú, bó ṣe máa ń tètè ṣú lásìkò yẹn. Lẹ́bàá ọkọ̀ Raili, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìrora, ó fi àtàńpàkò ra táyà iwájú, ó lọ sẹ́yìn, ó ra tibẹ̀. Ìṣó gún un lọ́wọ́.

"Àwọn tó dáa wà lẹ́yìn," ni Raili wí.

"Mo rí i. Máa rọra lọ."

Ó dúró títí ọkọ̀ náà fi dé ibi tí ọ̀nà ti yà, tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ lé iwájú rẹ̀ lọ, tí iná pupa wọ inú igbó. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí òkè, ó gbé ẹsẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò jìnnà.